A Mọ Àdéhùn Osimhen, A Kò Mọ ti Adámásìngbà

Líìgì England a máa parí lóṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í bá a parí ní Ìbàdàn. Pátákó dúdú tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà sí lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Agbowó yóò ṣófo, àmọ́ bẹ́ǹṣì inú ilé kò ní ṣófo. Ní ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀ àti Challenge, níbi tí èrò ti máa ń dúró ka ojú ìwé àkọ́kọ́ láì yọ kọ́bọ̀ lápò, òjò oṣù Keje lè máa pa wọ́n, wọn ò ní torí ẹ̀ panu mọ́. Arsenal nílò atamátàsé tí kì í bẹ̀rù ojú ilé. Chelsea ti kó ọmọ jọ ju bó ṣe yẹ lọ, aṣọ́lé gidi ni kí wọ́n wá. Manchester United ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ń bá wọn nájà lọ́dún yìí? Bódìjà á sọ tirẹ̀, Ring Road á já a nírọ́, títí ìlẹ̀kùn ọjà agbábọ́ọ̀lù yóò fi tì ní ìparí oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án.

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Mi ò bá wọn gbà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yóò rí i pé ìṣirò tí ọ̀pọ̀ sá fún níléèwé ni wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ọdún mélòó ló kù nínú àdéhùn rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọdún kan ló kù, kí ló dé tí a ó fi san ọgọ́rin mílíọ̀nù nígbà tí a lè dúró dè é? Èló ló ń gbà lọ́sẹ̀, ṣé kò sì ní ba ètò owó oṣù àwọn tó bá nílé jẹ́? Bó bá dé, ta ni yóò jókòó fún un? Ìbéèrè tí àwọn olùdarí ẹgbẹ́ gan-an ń bi ara wọn nìyí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró de ọkọ̀ ní Challenge sì mọ̀ ọ́n bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí ọ̀rọ̀ náà sí Shooting Stars, ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ ní Adámásìngbà kò jìnnà sí wọn, kí ẹ sì wo bí ohùn yóò ṣe yí padà. Kò sí ọjọ́ orí mọ́, kò sí àdéhùn, kò sí iye owó. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n lé kóòṣì, pé ìjọba kò ṣe tó, pé àwọn ọmọ náà kò nífẹ̀ẹ́ ìlú. Ìṣirò ti lọ, ìbínú ló jókòó sípò rẹ̀.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé àwa ọmọ Ìbàdàn kò ka tiwa sí, òyìnbó ló jọ wá lójú. Àlàyé yẹn rọrùn jù, kò sì tó. Èmi gbà pé ohun tó mú ọ̀rọ̀ Arsenal ní ìṣirò nínú, tó mú ti Shooting Stars di kìkì ìbínú, ni pé ìwé Arsenal ṣí sílẹ̀ débi kan, ti Shooting Stars sì wà ní títì. Ohun tí ẹgbẹ́ náà nílò jù, kí wọ́n tó kọ orúkọ atamátàsé kankan sílẹ̀, ni kí wọ́n jẹ́ ká mọ ẹni tó wà nílé, ọjọ́ tí àdéhùn kálukú yóò parí, àti iye tó wọlé tàbí tó jáde nígbà tí ẹnì kan bá dé tàbí tó lọ. Owó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹgbẹ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ kò fi yẹ kó wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo ti Victor Osimhen. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, Galatasaray rà á pátápátá lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 yúrò, lẹ́yìn sáà kan tó ti lò níbẹ̀ ní àyálò. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ilé ìwòran ní Ìbàdàn fi mọ iye náà, tí wọ́n mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò san án, tí wọ́n mọ̀ pé ọdún 2029 ni àdéhùn rẹ̀ yóò parí, tí wọ́n sì mọ iye tí yóò máa gbà. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Kì í ṣe oníròyìn kan ló yọ́ wo inú àpótí. Galatasaray fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀, nítorí pé ìpín ìdókòwò ẹgbẹ́ náà wà lórí ọjà ní Istanbul, òfin ọjà náà sì ní kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ fún aráyé. Ní England, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jẹ́ ilé iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ ìnáwó wọn sọ́dọ̀ ìjọba lọ́dọọdún, àjọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ sì máa ń tẹ iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan san fún àwọn alágbàtà jáde. Òfin ló ń fi oúnjẹ sẹ́nu àwọn tó ń jiyàn ní Agbowó. Ìfẹ́ nìkan kò lè ṣe é.

Ẹnì kan lè sọ pé irọ́ ló pọ̀ jù nínú àhesọ òyìnbó náà, òótọ́ sì ni. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025 náà, ariwo tó gba ìgboro ni pé Eberechi Eze ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti Tottenham. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Arsenal ti gbà á lọ́wọ́ wọn, Arsenal kan náà tó lé e dànù nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Àwọn olólùfẹ́ Tottenham ní Bódìjà kò rí ojú gbé sókè lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àhesọ yẹn ní ọjọ́ ìdájọ́. Ọjà ní ọjọ́ tó ń tì. Orúkọ á jáde, àwòrán á jáde, iye owó á jáde, ẹni tó purọ́ á sì jẹ iyán rẹ̀ níṣu lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àhesọ tó ní ọjọ́ ìdájọ́ ń kọ́ èèyàn ní ìfọkànbalẹ̀ àti ìwádìí. Èyí tí kò ní ọjọ́ ìdájọ́ ni ti Adámásìngbà. Wọ́n á gbé àwòrán ọmọ tuntun jáde lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ àti ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì Nàìjíríà sọ iye tó ra ẹnì kan tàbí iye tó tà á. Ní ti ẹni tó lọ, ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ni alátìlẹ́yìn yóò máa wo orí pápá, tí yóò máa bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé lágbájá dà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìgbà tí wọ́n ń pè é ní IICC ni Shooting Stars gba ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, ní ọdún 1976. Tonnerre Yaoundé tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún ni wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀, òun sì ni ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà gbé wálé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀, Múdà Lawal wà níbẹ̀, Best Ogedegbe tó jẹ́ aṣọ́lé náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Rashidi Yekini dé láti Kaduna ní 1982. Ọdún méjì péré ló lò kó tó kọjá sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ olówó tó gba ife orílẹ̀-èdè yìí ní 1985 àti 1987. Múdà Lawal náà parí iṣẹ́ sọ́dọ̀ wọn. Láti Abẹ́òkúta ni Yekini ti gba Abidjan, tó gba Setúbal ní Potogí, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lọ́lá bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ní 1993, tó sì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀lé e. Gbogbo àgbà olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn lè ka ìtàn yẹn láti orí dé ìdí. Ibi tí ìtàn wọn ti ń dákẹ́ ni ibi owó: kí ni ìlú rí gbà nígbà tí Yekini ń lọ? Kò yani lẹ́nu nígbà náà, torí òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù jẹ́ nígbà yẹn, níbi tí iṣẹ́ bá wà ló ń lọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìdákẹ́jẹ́ náà ṣì wà títí dòní, nígbà tí bọ́ọ̀lù ti di òwò.

Òwò náà sì ní ìlànà tó lè ṣe ẹgbẹ́ bíi Shooting Stars láǹfààní gan-an bó bá ní àkọsílẹ̀. FIFA ní bí ẹgbẹ́ kan bá ta agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí di 23. Láti ọmọ ọdún 16 sókè, sáà kọ̀ọ̀kan tó lò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan jẹ́ ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Bí ọmọ kan bá lo irú sáà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn, tí ẹgbẹ́ kan ní Faransé wá tà á sí Jámánì ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, 150,000 yúrò ló tọ́ sí Ìbàdàn, láìjẹ́ pé Ìbàdàn gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti dá ilé ìpínwó kan sílẹ̀ fún èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí owó náà tọ́ sí ni ibi tí wọ́n forúkọ ọmọ náà sí àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i. Ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ kò pé, orí ló máa họ.

Èyí kan ọ̀rọ̀ àdéhùn ọlọ́dún kan tó wọ́pọ̀ nínú líìgì wa. Ó dà bíi pé ó rọrùn fún ẹgbẹ́: bí ọmọ náà kò bá gbá a dáadáa, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bó bá gbá a dáadáa ńkọ́? Sáà parí, àdéhùn parí, ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ẹgbẹ́ kò ní ohun tó máa tà. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá atamátàsé mìíràn, Agbowó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé atamátàsé ni àìsàn ẹgbẹ́ náà. Òfin FIFA gbà kí àdéhùn tó ọdún márùn-ún, kó má sì ju mẹ́ta lọ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Òfin kan náà ló ní bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì ní ọ̀nà àìtọ́, tó kọ̀wé sí wọn, tí ọjọ́ 15 kọjá láì rí i gbà, ó lè já àdéhùn náà kó sì lọ. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ kan nílò, ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí àti bí owó oṣù ṣe ń wọlé ni kó kọ́kọ́ béèrè. Ìyẹn ló ń sọ bóyá ihò wà nínú ẹgbẹ́, tàbí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò náà lọ́dọọdún.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó sọ pé owó ni ìṣòro, pé ìwé ṣíṣí kò ra bọ́ọ̀lù, kí ìjọba kúkú ta ẹgbẹ́ náà fún olówó. Wọn a máa fi Remo Stars ṣe ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì le. Lọ́dún 2017, Remo Stars àti Shooting Stars jọ já kúrò ní líìgì àgbà. Lọ́dún 2021, wọ́n jọ padà wọlé. Láti ìgbà náà, Remo Stars ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe é ní 2024, wọ́n sì gba líìgì náà ní 2025 nígbà tó ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Ìkẹ́nnẹ́ tó jẹ́ ilé Remo Stars kò tó Ìbàdàn ní èrò tàbí ní ìtàn. Kúnlé Ṣónámẹ́ ló ni ẹgbẹ́ náà, owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ owó nìkan kọ́. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn tó ń pèsè ọmọ, Daniel Ogunmodede tó jẹ́ kóòṣì wọn nígbà náà sì ti ń bá wọn bọ̀ tipẹ́. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ní àti ìgbà tí yóò kúrò, kí ìgbà náà tó dé.

Ní ti pé kí a tà á fún olówó, Ìbàdàn ti rí olówó rí. Leventis United, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, gba ife orílẹ̀-èdè ní 1984 àti 1986, ó gba líìgì ní 1986 yẹn náà, ó sì bá Al Ahly ti Íjíbítì dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1985. Ní 1987, ilé iṣẹ́ náà pa á tì, ó sì tán. Abiola Babes tó ń kó àwọn ọmọ Shooting Stars lọ kò sí mọ́. Shooting Stars tó jẹ́ ti ìjọba, tí a ń bú lójoojúmọ́, ló ṣì wà. Kì í ṣe pé mo ń yin ìjọba. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ni ẹgbẹ́ kọ́ ló ń pinnu bóyá alátìlẹ́yìn yóò rí ìwé kà. Lọ́wọ́ olówó aládàáni, ohun tí a lè béèrè kò tó nǹkan. Lọ́wọ́ ìjọba, òfin wà.

Àtakò kejì tilẹ̀ rọrùn láti dá lóhùn. Wọ́n ní bí a bá tú àṣírí àdéhùn síta, Enyimba àti Rangers á rí i, wọ́n á sì wá kó àwọn ọmọ wa. Ṣé ìwé ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó máa kó wọn tẹ́lẹ̀ ni? Alágbàtà mọ ọjọ́ tí àdéhùn ọmọ rẹ̀ yóò parí. Ọmọ náà mọ̀. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹ kò ju kó pè é lórí fóònù lọ. Alátìlẹ́yìn tó san owó ìwọlé ní Adámásìngbà nìkan ni wọ́n ń fi àṣírí náà pamọ́ fún. Ọjọ́ tí àdéhùn Bukayo Saka yóò parí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni, kò sì tíì sí ẹni tó torí ẹ̀ jí i gbé.

Òfin tí mo ń sọ ni èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FOI, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láì ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ka àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba ní agbára lórí wọn mọ́ ọn, títí kan aládàáni tó bá ń ná owó ìlú. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ sọ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó kan wọ́n, gbogbo ìjọba pátá ló dè. Lóòótọ́ òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ mọ ilé tí aṣọ́lé ń gbé tàbí oògùn tí dókítà kọ fún un. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa gbé orúkọ, owó oṣù àti ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síta fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè kò tilẹ̀ tó ìyẹn. Ẹ fi owó oṣù sílẹ̀. Ẹ sọ orúkọ, ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, iye tí ẹ rà á, iye tí ẹ tà á, àti iye tó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà. Ojú ìwé méjì lè gba gbogbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ tí ọjà bá tì.

Àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn Shooting Stars wà káàkiri ìlú, àwọn ètò eré ìdárayá lórí rédíò ní Ìbàdàn sì ń gba ìpè àwọn olùgbọ́. Ẹ dín ìpè tó ń lé kóòṣì kù lọ́dún yìí. Kí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà kọ lẹ́tà sí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ ní Adámásìngbà, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá ní Sẹkitéríàtì, Àgodi. Òfin fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì, tí wọ́n lè sún síwájú pẹ̀lú ọjọ́ méje mìíràn bí ó bá nídìí. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ̀ láìnídìí, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, yóò san ìtanràn 500,000 náírà.